Ìbò UPN Nínú Ààlà Tuntun: Ọ̀ràn Owena

Nígbà ìdìbò 1979, Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Ondo. Ẹgbẹ́ UPN ni ó gba gbogbo àga 22 tí ìpínlẹ̀ náà ní ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Nínú ìbò 100 tí a dì fún ipò Ààrẹ níbẹ̀, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba ohun tí ó lé ní 94. A yọ Èkìtì kúrò ní 1996. Àga 9 ni Ondo ní lónìí, Owena sì ń dìbò ní ẹkùn Ìdànrè àti Ifẹ̀dọ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: èló ni UPN ì bá ní nínú ẹkùn yìí? Ẹni tí yóò ṣírò rẹ̀ ní láti kó èsì ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan sínú ààlà tuntun. Bí kò bá rí èsì ibùdó, a máa pín èsì ẹkùn àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí iye olùdìbò apá kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ará ìlú àti ará abà kòkó ń ronú bákan náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti 1979, àṣìṣe náà kò pa ẹnikẹ́ni lára: ibi yòówù tí a bá fa ìlà sí, UPN ni yóò wọlé.

Ti 1983 ni ó le. FEDECO kéde Akin Ọmọ́bọ́ríowó ti NPN gẹ́gẹ́ bí gómìnà. Iná sọ, ẹ̀mí ṣòfò. Ilé-ẹjọ́ sì dá ipò náà padà fún Adékúnlé Ajáṣin. Kí a tó pín ìbò ọdún yẹn dé Owena, a ní láti kọ́kọ́ sọ èsì ta ni a ń pín.