Afínjú: Oríyìn Tàbí Èébú?

Obìnrin kan gba àwo àmàlà lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ ní bùkà. Ó yí àwo náà po, ó fi ìka nu etí rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún gbé ife omi símú, ó ní omi yìí ń rùn. Ìyá olóúnjẹ wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní: “Àǹtí afínjú, àbí kí n kúkú fi ọṣẹ fọ àmàlà náà?”

Gbogbo bùkà bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó rò pé wọ́n ń yin àǹtí.

Bẹ́ẹ̀ oríyìn ni ọ̀rọ̀ náà. Kéèyàn fínjú ni kí ara rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí gbogbo nǹkan rẹ̀ sì wà létòlétò. Ọ̀bùn ni òdìkejì rẹ̀. Àwọn àgbà a máa kó àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ ọjà: afínjú á máa yan, ọ̀bùn á máa wọ́sẹ̀, ọ̀bùn náà ni yóò sì ru ẹrù afínjú wọ̀lú.

Nígbà tí ìmọ́tótó bá wá kọjá ààlà, ẹnu kì í wá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ títí. Oríyìn yẹn náà ni wọn yóò yí lóhùn. Bákan náà ni “fínnífínní.” Ẹni tó wo iṣẹ́ fínnífínní ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n oníbàárà tó ń fi téèpù wọn etí ṣòkòtò nígbà kẹta yóò gbọ́ ọ lẹ́nu télọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, fínnífínní yín yìí ti pọ̀ jù!” Àwọn ọmọ ìgboro náà fi “ajẹ́bọ́tà” kún un, fún ẹni tí kò lè mu omi inú ọ̀rá.

Èkó tilẹ̀ rí afínjú tó ní àṣẹ ìjọba lọ́wọ́. Lọ́dún 1897, Ronald Ross fi hàn ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Nígbà tó di 1899, William MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó. Ó ní kí wọ́n fa omi àbàtà gbẹ, ó pín kwinín fáráàlú, ó sì gbẹ́ ipa omi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń yọjú wo inú àmù àti agolo bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Aráàlú kò bá wọn fa orúkọ oyè gígùn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni wọ́n fi pè wọ́n: woléwolé.

Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1924, ojú woléwolé sì tún le sí i. Bí ariwo “woléwolé ń bọ̀!” bá ti ta láti orí títì, àwọn ìyá a da omi àmù nù, ì báà jẹ́ òwúrọ̀ yẹn ni wọ́n pọn ọ́n. Lójú ìyá àgbà tó ti ń mu omi àmù láti kékeré, àṣejù gbáà ni. Ẹ̀bi kọ́ ni ti woléwolé níbí o. Tanwíjí òní ni ẹ̀fọn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Orúkọ náà wọ inú ilé wá. Ọkọ tó bá ń ṣí ìdérí ìkòkò kiri yóò gbọ́ ọ: “Bàbá Ṣadé, ṣé woléwolé ni yín ni?”

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá pè yín ní afínjú, ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó dúpẹ́.