Ta Ló Ni Eré-Ìje? Ìwé Ìròyìn, Òfin àti Òógùn Agunkẹ̀kẹ́ nínú Ìtàn Tour de France

Ohun tí àwọn òpìtàn sábà máa ń kọ́kọ́ sọ nípa Tour de France, eré-ìje kẹ̀kẹ́ ológeere tí ó yí ilẹ̀ Faransé ká, ni pé ẹjọ́ Dreyfus ni ó bí i. Alfred Dreyfus jẹ́ ọmọ Júù àti ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọmọ-ogun Faransé. Ní ọdún 1894, ilé-ẹjọ́ ológun dá a lẹ́bi pé ó ta àṣírí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún Jámánì; ọdún 1906 ni wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ mọ́ pátápátá. Láàárín ọdún méjìlá yìí, ọ̀rọ̀ náà pín ìdílé, ó pín ọ̀rẹ́, ó sì pín àwọn oníwèé ìròyìn eré-ìdárayá pàápàá. Pierre Giffard, olóòtú Le Vélo, ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ̀ sórí tákàdá aláwọ̀ ewé, gbè sẹ́yìn Dreyfus. Jules-Albert de Dion, ọlọ́lá tí ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tà, wà ní òdì kejì. Ní 1899, wọ́n fi ọ̀pá lu Ààrẹ Loubet ní pápá eré ẹṣin Auteuil. De Dion wà lára àwọn tí wọ́n mú nínú rògbòdìyàn ọjọ́ náà, ó sì ṣẹ̀wọ̀n ọjọ́ 15. Giffard bu ẹnu àtẹ́ lù ú. De Dion kó ìpolówó ọjà rẹ̀ kúrò ní Le Vélo, ó sì pinnu láti dá ìwé ìròyìn mìíràn sílẹ̀.

Òótọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Àwọn tí ó bá de Dion dá owó jọ, bí Adolphe Clément tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ àti Édouard Michelin tí ń ṣe táyà, jẹ́ oníṣòwò tí ń wá ibi tí wọn yóò ti polówó ọjà wọn bí ó ti wù wọ́n. Ìjà òṣèlú ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Owó ni ó gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tí ó bá gbójú fo èyí kò lè mọ ìdí tí òfin eré náà fi le koko tó bẹ́ẹ̀, tàbí ìdí tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ fi bá àwọn tí ó ni ín jà léraléra.

Ìwé ìròyìn tuntun náà, L'Auto-Vélo, jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, ọdún 1900, lórí tákàdá pupa rúsúrúsú bí èso ìyeyè. Olóòtú rẹ̀ ni Henri Desgrange, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti fi kẹ̀kẹ́ sáré kìlómítà 35.325 láàárín wákàtí kan ní 1893. Ìwé náà kò tà tó bí wọ́n ti rò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1903, ilé-ẹjọ́ tún pàṣẹ pé kí wọ́n yọ “Vélo” kúrò nínú orúkọ rẹ̀, nítorí pé ó jọ ti Giffard jù. Ó ku L'Auto, orúkọ tí kò fi ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ hàn rárá. Ṣáájú ìdájọ́ yìí, ní oṣù Kọkànlá 1902, ọ̀dọ́mọkùnrin oníròyìn kan lábẹ́ Desgrange, Géo Lefèvre, ti dá a lábàá nídìí oúnjẹ ọ̀sán pé kí wọ́n ṣe eré-ìje tí yóò yí gbogbo Faransé ká, ní ìpele-ìpele. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ kò pọ̀. Desgrange sún ọjọ́ náà síwájú, ó sì dín owó ìforúkọsílẹ̀ kù láti 20 franc sí 10. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, ọdún 1903, ènìyàn 60 gbéra ní Montgeron nítòsí Paris. Ìpele mẹ́fà ni wọ́n rìn, kìlómítà 2,428. Àwọn 21 ni ó parí rẹ̀. Maurice Garin, tí ó ti ṣe iṣẹ́ gbígbá ihò èéfín ilé rí, ni ó gba ipò kìíní. Ó fi bíi wákàtí mẹ́ta ju ẹni kejì lọ.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí àyẹ̀wò. Nínú pápá, olùwòran rí gbogbo eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lójú ọ̀nà, fìrí ni ó rí àwọn eléré, eruku bò wọ́n, wọ́n sì kọjá lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn ní láti ra ìwé ìròyìn, ní ọ̀la àti ní ọ̀tunla. Iye ẹ̀dà tí L'Auto ń tà lójúmọ́ gbéra láti nǹkan bí 25,000 sí 65,000. Le Vélo kú ní 1904.

Ní ọdún kejì, ìwà èrú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa eré náà. Wọ́n da ìṣó sójú ọ̀nà, àwọn ènìyànkénìyàn lu eléré lóru nítòsí Saint-Étienne, wọ́n sì gba oyè lọ́wọ́ àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́, tí Garin wà nínú wọn. Desgrange kó òfin jọ láti ìgbà náà. Ojú tí ó fi wo eré náà ni pé kí ó jẹ́ ìjà ẹnìkan ṣoṣo pẹ̀lú ọ̀nà: kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́, kí ó tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, kí ó má sì fi nǹkan sílẹ̀ lọ́nà. Apá kan òfin náà dojú kọ àwọn oníléeṣẹ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi owó ra ipò kìíní. Ẹ̀yìn agunkẹ̀kẹ́ ni pàṣán náà ń bà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Eugène Christophe ní 1913 fi èyí hàn kedere. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Tourmalet, fọ́ọ̀kì iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kán. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà lé èjìká, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ju kìlómítà 10 lọ títí ó fi dé ilé àgbẹ̀dẹ kan ní Sainte-Marie-de-Campan. Christophe ti kọ́ṣẹ́ àgádágodo rí, nítorí náà ó mọ bí a ti ń lo irin. Ó jó irin náà pọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn aṣojú eré sì dúró tì í kí alágbẹ̀dẹ má baà fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọdékùnrin kan bá a fín ewìrì. Nítorí ewìrì yìí, wọ́n fi ìṣẹ́jú 10 jẹ ẹ́ níyà. Wọ́n dín in sí 3 lẹ́yìn náà. Wákàtí tí ó ti pàdánù kọjá mẹ́ta, èyí ni pé ìjìyà náà kò lè ṣe èrè fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó dáàbò bò ni àṣẹ ẹni tí ó ṣe òfin. Christophe kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù ìyeyè fún ní 1919, láti fi ẹni tí ó wà níwájú hàn. Àwọ̀ ẹ̀wù náà sì bá àwọ̀ tákàdá L'Auto mu.

Ní 1924 ni ẹlòmíràn kọ̀ jálẹ̀. Henri Pélissier ni ó gba eré náà ní 1923. Òru ni wọ́n máa ń gbéra, nígbà tí òtútù ń mú, wọ́n a sì wọ ẹ̀wù méjì. Tí oòrùn bá mú, òfin kò gbà kí wọ́n ju ọ̀kan nù. Nígbà tí aṣojú kan gbé ẹ̀wù Pélissier sókè láti ka iye tí ó wọ̀, ó bínú. Lójú ọ̀nà láti Cherbourg sí Brest, ní Coutances, òun, Francis àbúrò rẹ̀ àti Maurice Ville sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọ ilé kọfí, wọn kò sì padà sẹ́nu eré. Ibẹ̀ ni Albert Londres ti bá wọn. Ọdún kan ṣáájú ni akọ̀ròyìn yìí ti kọ nípa ìyà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n Faransé ń jẹ ní Guyane, òǹkàwé kò sì ṣàì fi ọ̀kan wé èkejì. Wọ́n tú àpò wọn níwájú rẹ̀: kokéènì fún ojú, kúlọ́rọ́fọ́ọ̀mù fún èrìgì, àti onírúurú oògùn oníhóró. Wọ́n ròyìn pé Francis sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé àwọn bùmọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àlejò tí kò mọ eré kẹ̀kẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn ẹ̀wù kò ní àbùmọ́ nínú. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó lẹ́rú ló lẹ́rù. Ohun tí Pélissier ń bèèrè ni bóyá ẹrú ni òun.

Desgrange mú àwọn oníléeṣẹ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà ní 1930: ó pín àwọn eléré sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, L'Auto sì pèsè kẹ̀kẹ́ fún wọn. Kí owó lè wọlé, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ìpolówó ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú eré, wọ́n ń pín ṣokoléètì fún àwọn olùwòran. Lẹ́yìn tí wọ́n lé Jámánì kúrò ní 1944, wọ́n ti L'Auto pa nítorí pé ó ń jáde lábẹ́ àkóso ọ̀tá. Ìwé ìròyìn L'Équipe rọ́pò rẹ̀ ní 1946, ó sì jogún eré náà ní 1947. Ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ padà dé ní 1962. Àwọn tí ó ni eré ń yí padà. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ kò tíì ní ohùn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, ọdún 1978, ọ̀rọ̀ tún dé ibi tí Pélissier fi í sí. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, àwọn eléré ti gun òkè Pyrénées. Wọn kò sùn tó kí wọ́n tó jí wọn ní ìdájí, nítorí pé ìpele méjì ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n sá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ìlú méjì lè sanwó àlejò. Láti Tarbes ni wọ́n ti ń rọra gun kẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé òpin ní Valence d'Agen, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ìlà, Bernard Hinault, ọmọ ọdún 23, níwájú. Àwọn ará ìlú tí wọ́n ti ń retí láti òwúrọ̀ hó lé wọn lórí. Wọ́n fagi lé ìpele náà. Hinault ni ó gba eré ọdún yẹn, ìkíní nínú márùn-ún tí ó gbà. Ní 1980, ìpele méjì ní ọjọ́ kan tún wà nínú ètò.