Iyọ̀ Òkun àti Irin Ilé Jákàńdè ní Ìlasàn

Èkó àrómi-sá-lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀, ìlú tí òkun gbá mú lápá kan tí ọ̀sà sì gbá mú lápá kejì, kò sí ibi tí oríkì rẹ̀ yìí ti bá ilẹ̀ mu tó ìhà Lẹ́kí níbi tí Ìlasàn wà. Nítorí náà, ẹni tí yóò pìtàn ilé tí a kọ́ síbẹ̀ kò gbọdọ̀ ka orúkọ gómìnà àti ọdún nìkan, ó yẹ kí ó bi irin, ohun ìní Ògún, léèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí nínú ògiri.

Alàgbà Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè, Bàbá Kékeré, jẹ gómìnà Èkó láti 1979 títí di ìparí 1983, ó sì kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù káàkiri, Ìlasàn sì wà lára wọn. Nígbà tí ìjọba ológun wó àdúgbò Màrókò ní Èkó ní oṣù Keje 1990, díẹ̀ nínú àwọn tí a lé jáde ni a kó wá síbẹ̀, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ ilé tí a kò tí ì parí. Ọ̀ràn náà ń dùn mí dọ́kàn títí di òní, nítorí ilé tí a bá fi sílẹ̀ láìparí létí òkun, irin tí ó yọrí síta ni iyọ̀ kọ́kọ́ ń bá jà.

Nígbà tí a bá rọ kọnkéré bo irin, èròjà inú sìmẹ́ńtì a máa mú kí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, tí ojú lásán kò lè rí, bo irin náà, tí kì í jẹ́ kí ó dípẹtà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́; ṣùgbọ́n iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé wá, tàbí tí iyanrìn àti omi kànga gbé wọ inú àpòpọ̀, a máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, a lẹ̀ mọ́ awọ náà, a sì dá ihò sí i lára. Láti ìgbà náà, ara irin kò dọ́gba mọ́: agbára iná ojú ihò yàtọ̀ sí ti ibi tí awọ ṣì bò, iná tín-ín-rín a máa ṣàn láàárín wọn, irin ojú ihò a máa yọ́ lọ, ìpẹtà yóò wú ju irin tí ó bí i lọ, kọnkéré yóò sì sán.

Páànù orí ilé tí a fi irin ṣe ní agbèjà tirẹ̀, ìyẹn síǹkì tí a fi bò ó. Ní 1824, Humphry Davy ará Ìlú Ọba so irin mọ́ bàbà ìdí ọkọ̀ ojú omi, kí òkun lè máa jẹ irin dípò bàbà. Ní 1837, Sorel ará Faransé gba ìwé àṣẹ fún fífi síǹkì bo irin. Agbára iná síǹkì, fóòtì 0.76 nísàlẹ̀ òdo, rẹlẹ̀ ju ti irin, tí ó jẹ́ 0.44 nísàlẹ̀ òdo, ìdí nìyí tí síǹkì fi ń kú kí irin lè yè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé láti Lẹ́kí dé Ajah lónìí, ẹ má ṣe fi iyanrìn etíkun tí a kò fọ̀ po sìmẹ́ńtì, ẹ jẹ́ kí kọnkéré tí ó bo irin nípọn, kí ẹ sì tètè dí ibi tí ó bá sán.