Ibodè, Ogun àti Àjàkálẹ̀ Àrùn: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Ààbò láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Etí Ọ̀sà

Ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo ni Ìjẹ̀bú North, Ìjẹ̀bú East àti Ògùn Waterside jọ ní nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin l'Abuja. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Agọ́-Ìwòyè wà lápá òkè, níbi tí ọ̀nà ti já sí ilẹ̀ Ìbàdàn. Abígi, Ìbíadé àti Ìwopin wà nísàlẹ̀ létí ọ̀sà, níbi tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ti bá Èkó pààlà lápá kan, tó sì bá Oǹdó pààlà lápá kejì. Láàárín wọn ni Igbó Ọmọ wà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí J4. Kò sí èyí tó bá orílẹ̀-èdè mìíràn pààlà nínú wọn. Ibodè Ìdírókò tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lọ́hùn-ún níhà ìwọ̀ oòrùn. Síbẹ̀, láti nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará ibí ti ń jiyàn lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ọ̀nà, àti ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ bí ọ̀nà bá tì.

Ohun tó mú mi kó ìtàn yìí jọ ni pé ó fọ́n káàkiri. Ti ayé ogun Kírìjì wà nínú ìwé Samuel Johnson àti nínú ìwé àwọn òyìnbó ìjọba Èkó. Ti ayé òde òní wà nínú ìwé ìròyìn àti àkọsílẹ̀ ilé aṣòfin. Ọjọ́ inú wọn kò bára mu. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń kọ nípa aṣòfin òde òní bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ la ẹnu sọ̀rọ̀ ààbò ní agbègbè náà.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìdílé ló gba gbogbo ohun tó ṣáájú ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní nǹkan bí ọdún 1831, nígbà tí ogun ń fọ́ ìlú kiri, ìletò méje fi ibùgbé wọn sílẹ̀, wọ́n sì kóra jọ sójú kan kí ọwọ́ ọ̀tá má bàa tètè tẹ̀ wọ́n: Ìbipe, Ìdóde, Ìgan, Ìmẹ̀rẹ̀, Ìmosòsì, Ìmosù àti Ìsàmúrò. Ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ni Agọ́-Ìwòyè, tí Ẹbùmàwé jẹ́ ọba rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó tí Orímolúsì ń jọba lé lórí wà nítòsí rẹ̀.

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìbàdàn ń bá Èkìtìparapọ̀ jà, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn àti ẹ̀tù tó ń wá láti Èkó kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà láìgba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú kọjá. Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ti ọ̀nà. Kì í ṣe pé kò fẹ́ kí ọjà rìn. Bí wọ́n ti ń ṣòwò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú nígbà náà ni pé ará òkè kì í kọjá dé etí omi, ará etí omi kì í kọjá dé òkè. Ọmọ Ìjẹ̀bú ló wà láàárín tó ń rà, tó ń tà, tí oníbodè sì ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀ fún tọ̀ún tèèhín, èrè náà tán. Torí ọ̀nà tí ọba yìí tì ni Ìbàdàn fi ń wá ọ̀nà Oǹdó, èyí tí Gómìnà Glover là ní 1872: ọkọ̀ ojú omi á gba orí ọ̀sà lọ síhà ìlà oòrùn láti Èkó, á kọjá létí ilẹ̀ tí a ń pè ní Ògùn Waterside lónìí, kí ẹrù tó gúnlẹ̀ lọ sí Oǹdó. Ọ̀nà yìí kan náà ni Èkìtìparapọ̀ gbà kó ìbọn Snider wọlé. Ibodè tí a tì lókè sọ etí omi di ojú ọ̀nà ìbọn.

Orù ni àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú pàgọ́ sí lábẹ́ Balógun Ọnàfowókàn. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti Agọ́-Ìwòyè dé Orù, nítorí náà àwọn ará agbègbè yìí ni ogun dé ẹnu ọ̀nà wọn, tí ìjókòó àwọn ọmọ ogun náà sì ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Nígbà tó pẹ́, ọ̀rọ̀ sú àwọn jagunjagun àti àwọn oníṣòwò. Wọ́n fẹ́ bá Ìbàdàn parí ìjà kí ọ̀nà ṣí. Awùjalẹ̀ kọ̀. Wọ́n bá kẹ̀yìn sí i, títí ó fi di dandan kó fi Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn kan kọ 1882 fún ìlọ rẹ̀, àwọn kan kọ 1883. 1883 ni mo fara mọ́, nítorí 1882 ni ọ̀tẹ̀ náà gbóná, ìjáde rẹ̀ ló kẹ́yìn. Ẹ̀pẹ́ náà ló kú sí ní 1885. Túnwàṣe gorí ìtẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ó yẹ ká yẹ ọ̀rọ̀ Johnson wò dáadáa níbí. Ó fi Fìdípọ̀tẹ̀ hàn bí alágídí ọba tí kò gbọ́ ti ará ìlú. Àmọ́ Johnson gan-an wà lára àwọn tí wọ́n rán láàárín Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Èkó láti wá àlàáfíà. Ọ̀nà tó ṣí ni iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Mo gbà á gbọ́ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò gbà á tán lórí ìdí rẹ̀. Ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ìjọba Ìjẹ̀bú kì í ṣe ti ọba nìkan. Òṣùgbó wà, Ìlámùrẹ́n wà, Pàmpá tí í ṣe ti gbáàtúù wà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá aṣòfin ayé ìgbà náà, àárín wọn ni kó wá wọn sí. Àwọn wọ̀nyí àti àwọn tó wà lágọ̀ọ́ Orù ni wọ́n jùmọ̀ sọ pé títì ọ̀nà ti pọ̀ jù, kì í ṣe òyìnbó.

Òyìnbó dé ní tiwọn. Ní oṣù Karùn-ún 1891, Denton tó ń dele fún gómìnà Èkó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọn kò sì gbọ́ tirẹ̀. Ní oṣù Kínní 1892, àwọn ońṣẹ́ Awùjalẹ̀ wá sí Èkó. Gómìnà Carter gbé ìwé àdéhùn síwájú wọn pé kí ọ̀nà ṣí fún gbogbo ẹni, ìjọba Èkó yóò máa san £500 lọ́dọọdún dípò owó ibodè tí wọ́n pàdánù. Àwọn ońṣẹ́ kò fọwọ́ sí i fúnra wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé l'Ékòó ló fọwọ́ sí i lórúkọ wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n dá Tremearne, oníwàásù ìjọ Wesley, padà lójú ọ̀nà, Carter sì sọ pé Ìjẹ̀bú ti da àdéhùn.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n da àdéhùn? Lójú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni: ọ̀nà kò ṣí fún oníwàásù náà. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí àwọn tó wá kò fọwọ́ ara wọn tẹ̀, tí ìgbìmọ̀ ilé kò sì jókòó lé lórí, kò lè de ìlú Ìjẹ̀bú mọ́lẹ̀ bí òfin Ìjẹ̀bú ti rí. Mo rò pé Carter mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń wá ìdí, ó sì rí i.

Ọ̀gágun Scott kó nǹkan bí 450 ọmọ ogun, wọ́n sọ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n gba Pòbuẹ́n àti Màjòdá kọjá. Wọ́n pàdé àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, lódò Yemọji nítòsí Ìmàgbọ̀n ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1892. Ìbọn Maxim parí ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde, ibodè sì ṣí tipátipá.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ogun, ibodè àti àrùn bọ́ kúrò lọ́wọ́ ìlú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ òkun SS Bida gbé àrùn influenza dé Èkó, ó sì gba ojú irin àti ojú omi wọ inú ilẹ̀ lọ. Ní 1926, ìjọba amúnisìn ṣe Òfin Ìsémọ́ tó fún olórí ìjọba lágbára láti sé ìlú tí àrùn bá wọ̀ mọ́. Òfin 1999 tí a ń lò lónìí kó ogun jíjà, owó ibodè, ọlọ́pàá àti ìsémọ́ gbogbo sí ọwọ́ Abuja nìkan. Ní 1990, bí ogun Làìbéríà ti bẹ́ sílẹ̀, wọ́n kọ́ àgọ́ fún àwọn tó sá wá. Orù náà ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Ìgbà tó pọ̀ ní àkọsílẹ̀ jù lọ láyé òde òní ni 2019 sí 2021. Adesegun Abdel-Majid Adekoya ti ẹgbẹ́ PDP ló ń ṣojú ẹkùn yìí nígbà náà. 2015 ló kọ́kọ́ wọlé. Ní Ilé kẹsàn-án, ó di igbákejì ẹni tó ń kó àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò jọ, lábẹ́ Ndudi Elumelu, olórí àwọn alátakò nínú Ilé.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ 2019, Ààrẹ Buhari ti àwọn ibodè orí ilẹ̀. Ilé aṣòfin kò ṣòfin kankan kí wọ́n tó tì í, àṣẹ lásán ni. Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n ṣí mẹ́rin, Sèmè sì wà lára wọn. Ìdírókò, ti Ìpínlẹ̀ Ògùn fúnra rẹ̀, dúró di oṣù Kẹrin 2022. Fìdípọ̀tẹ̀ kò rí irú ààyè bẹ́ẹ̀: ọ̀nà tó tì ló lé e kúrò nílé.

Lórí ààbò, Ilé Aṣojú-ṣòfin sọ ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní 2020 pé kí àwọn olórí ológun fi ipò sílẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí Buhari tó pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn àgbẹ̀ ní Zabarmari lápá àríwá ní oṣù Kọkànlá 2020, Ilé pe ààrẹ kó wá ṣàlàyé. Kò wá. Nílé wa níhìn-ín, Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò ti àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá, ni ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ṣí i n'Íbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kínní 2020. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Malami, mínísítà ètò ìdájọ́, ní kò bófin mu, nítorí ọwọ́ Abuja ni ààbò wà. Àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣòfin tiwọn, Ògùn pẹ̀lú. Ẹ̀ṣọ́ So-Safe ti wà ní Ògùn ṣáájú, láti ìgbà ìjọba Gómìnà Amosun. Ẹni tó bá ń sọ pé Àmọ̀tẹ́kùn ni ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ tí Ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ kò yẹ̀wò.

Kòrónà ni ọjọ́ rẹ̀ lójú pọ̀ jù. Wọ́n ń jiyàn bóyá ti Èkó tàbí ti Ògùn ni aláìsàn àkọ́kọ́. Ará Ítálì ni. Ó bà l'Ékòó ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2020, ó dé ibi iṣẹ́ ní Ewékorò, Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Yábàá. Ìpínlẹ̀ méjèèjì ló kàn. Ọjọ́ tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ náà kò bára mu nínú ìwé: aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni Buhari dá fún Èkó, Ògùn àti Abuja, ṣùgbọ́n Gómìnà Dapo Abiodun bẹ̀bẹ̀ kí àwọn èèyàn lè ra oúnjẹ, ó sì di ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ní Ògùn. Ẹni tó bá kọ 30 oṣù Kẹta fún Ìjẹ̀bú-Igbó ti ṣì í. Òfin 1926 yẹn ni wọ́n gbé kónílé-ó-gbélé náà lé. ₦200 ṣì ni owó ìtanràn inú rẹ̀, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, Olórí Ilé, Gbajabiamila, gbé àbá òfin tuntun wá, wọ́n sì ka á lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà. Agbára tó fẹ́ fún ọ̀gá NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn, láti ti ilé àti láti ti èèyàn mọ́lé mú kí ariwo ta. Wọ́n tún ní òfin Singapore ti 1977 ni wọ́n dà kọ. Kò di òfin títí Ilé náà fi parí. Ìkánjú yẹn burú, ṣùgbọ́n fífi òfin amúnisìn sílẹ̀ bó ti wà kò sàn jù ú lọ.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 2020, Buruji Kashamu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ Ìlà Oòrùn Ògùn láti 2015 sí 2019, kú l'Ékòó nípasẹ̀ Kòrónà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n sin ín sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Èrò ya bo ibẹ̀, kò sí pé ẹnìkan jìnnà sí ẹnìkejì. Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn tí Ọbásanjọ́ kọ gba ojú ìwé ìròyìn ju èrò tó kóra jọ náà lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni èrò náà ni ọ̀rọ̀ ìlera.

Ní 2023, Gbenga Daniel, gómìnà ìgbà kan rí, di sẹ́nétọ̀ Ìlà Oòrùn Ògùn. Létí omi, iṣẹ́ ọ̀nà etíkun láti Èkó lọ sí Kàlàbà, nǹkan bí 700 kìlómítà, bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Ní oṣù Kejì ọdún náà, Tinubu àti àwọn gómìnà jọ sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Kí ọlọ́pàá tó lè kúrò lọ́wọ́ Abuja nìkan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà á, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.