Kí Ni Lisa Ń Wá?

Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Orúkọ ọkùnrin ni Kúmólú. Bí wọ́n bá fi pe ọmọbìnrin, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni mo wá lọ sínú The Room, fíìmù tí Tommy Wiseau kọ, tó darí, tó sì fi ara rẹ̀ ṣe Johnny, olú ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀. Los Angeles ni wọ́n ti gbé e jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2003. Títí di òní, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń lọ wò ó ní sinimá lóru, wọ́n á sì máa ju ṣíbí oníke nígbàkigbà tí fọ́tò ṣíbí bá hàn nínú yàrá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé àìmọ̀ọ́ṣe àwọn òṣèré ló ba fíìmù náà jẹ́. N ò gbà. Ẹ wo Lisa, àfẹ́sọ́nà Johnny. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò fẹ́ràn Johnny mọ́. Ó fa Mark, ọ̀rẹ́ àtàtà Johnny, mọ́ra. Ó fi ọtí rọ Johnny yó, ó sì purọ́ mọ́ ọn pé ó lu òun. Òun kan náà ló tún ṣètò àríyá ọjọ́ ìbí fún un, ó ní òun lóyún, oyún ọ̀hún sì jẹ́ irọ́. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní kí nǹkan lè dùn ni. Òun àti Johnny ò tíì ṣègbéyàwó, kò sẹ́ni tó dè é mọ́lẹ̀. Òṣèré wo ló lè fi ojú sọ ohun tí òǹkọ̀wé kò rò?

Àwọn mìíràn á ní ọmọ ènìyàn kì í dúró lójú kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya ìdí sọ́tọ̀ kúrò lára ète. Nínú Othello tí Shakespeare kọ, Iago, ọmọ ogun Othello, ní torí ipò tí wọ́n gbé fún Cassio dípò òun ni òun ṣe ń bínú. Kò pẹ́, ó ní òun fura pé Othello bá ìyàwó òun lò pọ̀. Akéwì Coleridge rí i pé ṣe ló ń wá ìdí kiri fún ìkà tó ti wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ète rẹ̀ kò yẹ̀: kí Othello parun. Ìdí lè máa ta ko ara wọn. Bí ète bá dúró, a ó mọ ẹni tí à ń wò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ pín ní ète méjì, ìjà wọn a sì máa hàn lára rẹ̀. Ti Lisa kò hàn. Bí ìran kan bá ti parí, ohun tó ṣe níbẹ̀ ti parí nìyẹn.

Mark náà ńkọ́? Lórí òrùlé, Peter, ọ̀rẹ́ wọn, fura pé Mark àti Lisa jọ ń ṣe nǹkan. Mark gbá a mú, ó fẹ́ tì í já sílẹ̀. Láìpẹ́ ó bẹ̀ ẹ́, wọ́n jókòó, ọ̀rọ̀ ń lọ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ pààyàn. Ìyá Lisa ní jẹjẹrẹ ọmú ń ṣe òun; ọmọ rẹ̀ ní kó má dààmú, a ò sì gbọ́ ọ mọ́ títí Johnny fi yìnbọn pa ara rẹ̀.

Peter fúnra rẹ̀ pòórá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Steven sì wá ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ àtijọ́ níbi àríyá. Kúmólú tiwa rèé: òṣèré tó ṣe Peter ni kò ráyè mọ́ nígbà tí iṣẹ́ falẹ̀. Ìdí wà, àmọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà ló wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ẹ̀dá ìtàn kan, ẹ kọ ohun tó ń wá sílẹ̀. Bó bá ṣe ohun tí kò bá a mu, ẹ jẹ́ kó jẹ gbèsè rẹ̀ nínú ìran tó tẹ̀ lé e.