Orúkọ Kòtò: Èdè Ìwakùsà láti Èbúté Ìkòròdú

Èbúté Ìkòròdú kò ní òkè tàbí àfonífojì tí a lè fi yangàn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, iyanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀sà ló sì gba gbogbo ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé ẹnìkan ń ti ibẹ̀ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún wíwọ inú ibi ìwakùsà tí wọ́n pa tì sáàárín òkè lè béèrè pé kí ló kan ará etí omi nínú ọ̀rọ̀ ará òkè. Kí onítọ̀hún gba ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí ọ̀nà Ṣàgámù, kó sì yà wo ẹ̀yìn ilé. Níbi tí katapílà ti wú yangí lọ ṣe títì, níbi tí típà ti kó erùpẹ̀ lọ kún ilẹ̀ ẹlòmíràn, kòtò ló ṣẹ́kù. Òjò rọ̀ sí i, ó di adágún, ọmọdé sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ láìmọ bó ṣe jìn tó. Kò dìgbà tí a bá gòkè kí á tó rí ibi tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì pa tì.

Ọ̀rọ̀ tí a ní fún iṣẹ́ ìwakùsà nínú ìwé kò pọ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, ló fún wa ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ilé-ìwé títí dòní. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tó bá ti kọ́ Yorùbá ní yunifásítì jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ìwé náà wà fún. Kò sí ìdí tí yóò fi ronú kan awakùsà. Ìwakùsà nílò irú rẹ̀, mo sì gbà pé ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é yóò yàtọ̀. Ẹnu ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí á fi ìbéèrè kan ṣoṣo yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò: bí wọ́n bá kọ ọ́ sára pátákó létí ihò, ṣé yóò dá ọmọ ọdún mẹ́wàá padà?

Ẹ jẹ́ ká mú kùsà fúnra rẹ̀. Ìwakùsà, awakùsà, ibi ìwakùsà: rédíò àti ìwé ìròyìn ń lò wọ́n, ó sì ń yé èèyàn. Kuza ni àwọn Hausa ń pe tánganran. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún tí àwọn òyìnbó ti ń wa tánganran lórí òkè Jos, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, ló gòkè lọ síbẹ̀ láti ṣòwò àti láti ṣiṣẹ́. Mo gbà pé ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé sí wa, tí orúkọ ohun kan ṣoṣo fi wá di orúkọ gbogbo ohun tí à ń wà láti inú ilẹ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó dá a. Òṣìṣẹ́ ló gbé e bọ̀ wálé. Bí ẹnìkan bá ní kí á jù ú nù torí pé ó jọ àyálò, n kò ní bá a dá sí i. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi òógùn rà kì í ṣe ohun tí à ń jù nù.

Àléébù tó ní ni pé ó ti fẹ̀ jù. Kùsà ni ihò, kùsà ni iṣẹ́, kùsà náà ni òkúta tí wọ́n kó jáde. Àwọn baba wa ní orúkọ tó dá dúró fún òkúta tí irin wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó yọ́ ọ: ẹta. Samuel Johnson mẹ́nu kàn án nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ó ní ibẹ̀ ni Ẹlẹ́ta ní Ìbàdàn ti gba orúkọ, ó sì so orúkọ Ìlọrin mọ́ lílọ irin. Nígbà tí irin òyìnbó dé, tí owó rẹ̀ sì kéré, àwọn tó ń yọ́ irin nínú ìléru pa iṣẹ́ náà tì, ẹta sì bá wọn lọ. Mo fẹ́ kí ó padà wá, kí á sì fẹ̀ ẹ́ díẹ̀: ẹta irin, ẹta wúrà, ẹta òjé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, ọmọdé tó lé ní 400 ló kú, torí pé òjé pọ̀ nínú òkúta tí àwọn ará abúlé ń lọ̀ nílé láti fi yọ wúrà. Bí a bá ní wúrà ló pa wọ́n, irọ́ ni. Bí a bá ní òkúta ló pa wọ́n, kò yé ẹnikẹ́ni. Ẹta wúrà ló pa wọ́n, ẹta tí eruku rẹ̀ ní òjé nínú. Ìyá tó bá gbọ́ ọ báyìí mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọlé rẹ̀.

Fún ibi tí wọ́n ti wa kùsà tí wọ́n sì fi sílẹ̀, àpatì ni mo yàn. Ilé àpatì, iṣẹ́ àpatì, kò sí ará Èkó tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn lè fẹ́ kí á pè é ní kùsà àtijọ́, ṣùgbọ́n àtijọ́ kò sọ ju pé ó ti pẹ́ lọ. Àpatì ń sọ pé ẹnìkan wà tó pa á tì, òfin sì ń wá onítọ̀hún: òfin àlùmọ́ọ́nì àti ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007 ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ tún ilẹ̀ tó bà jẹ́ ṣe. Orúkọ tó bá fi ojú olóhun hàn ló wúlò fún ará àdúgbò tó fẹ́ pe ẹjọ́.

Ẹ̀pẹ́ ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1908, ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim jẹ́ olórí rẹ̀, ń gbẹ́lẹ̀ kiri lágbègbè ọ̀sà Lẹ́kí nítòsí Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń wá epo rọ̀bì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó rí ti Olóíbìrí ní 1956. Bergheim kú ní 1912, ogun 1914 bẹ́, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá wọlé. Ní Àgbábù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kànga tí wọ́n gbẹ́ láyé ìgbà náà ṣì ń pọ ọ̀dà ilẹ̀ jáde. Kànga àpatì ni, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì tíì dákẹ́.

Ihò nìkan kò tó láti fi pe gbogbo ohun tí awakùsà ń gbẹ́. Ẹ wo Ẹ̀núgù. Ní 1909 ni wọ́n rí èédú ilẹ̀ ní òkè Údì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915. Iva Valley, níbi tí ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn ti yìnbọn pa awakùsà 21 ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1949, àfonífojì ni lóòótọ́, òkè ló yí i ká. Awakùsà ibẹ̀ kì í fi okùn sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wọ ẹ̀gbẹ́ òkè, á tọ èédú lọ sínú òkùnkùn. Nígbà tí reluwé yí sí díísù, tí ogun abẹ́lé sì tún dé, iṣẹ́ náà rẹ̀ sílẹ̀, ihò sì wà níbẹ̀ tó la ẹnu. Irú èyí ni mo pè ní ihò àrìnwọ̀. Èyí tó sọ̀ tààrà lọ sísàlẹ̀ ni kànga kùsà. Èyí tí wọ́n là sí gbangba, bíi ti òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ẹwékorò àti Ṣàgámù, ni kòtò kùsà. Ewu wọn yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ wọn fi gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Èèyàn ń rí kòtò kùsà lókèèrè. Kànga kùsà, bí koríko bá bò ó, èèyàn á já sí i. Ihò àrìnwọ̀ ló burú jù lọ, torí pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, ó tutù, ó sì dà bí ibi ààbò lọ́wọ́ òjò.

Ti òkè fúnra rẹ̀ kò gba àròjinlẹ̀. Àfonífojì wà, ọ̀gbun wà, pàlàpálá àpáta sì wà nínú Bíbélì. Ibi tóóró tí odò ti la àpáta, tí ògiri òkúta dúró gàgàrà lápá méjèèjì, ọ̀gbun odò tó o.

Afẹ́fẹ́ ni kókó, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń gbẹ́ kànga ti lè kọ́ wa. Ní Ìkòròdú, àgbà nínú wọn kì í kàn wọ kànga tó ti pẹ́ tí wọ́n bò. Á kọ́kọ́ so fìtílà tàbí àbẹ́là mọ́ okùn, á sọ ọ́ kalẹ̀. Bí iná bá kú, kò ní wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ tó wúwo tí kò ṣe é mí ló kó jọ sísàlẹ̀, òun ló sì ń pa iná kí ó tó pa èèyàn. Kí ló dé tí a ó fi wá orúkọ mìíràn lọ? Afẹ́fẹ́ apàtùpà ni. Inú orúkọ náà gan-an ni ọ̀nà tí a fi ń dá a mọ̀ wà.

Apàtùpà nìkan kọ́ sì ni afẹ́fẹ́ tó ń pani. Nínú ihò èédú, afẹ́fẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí iná bá kàn án, gbogbo ihò á gbiná. Ẹni tó bá sọ fìtílà síbẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú. Ìyẹn ni afẹ́fẹ́ agbiná. Ẹ̀kẹta ni carbon monoxide, tó ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n bá gbé sínú kànga láti fi fa omi. Kò rùn, kò ní àwọ̀, kì í sì í pa iná. Àbẹ́là á máa jó, ẹni tó gbé e dání á sì ti ṣubú. N ó pè é ní èéfín apani-láìrùn. Mo mọ̀ pé ó gùn. Ẹ jẹ́ kó gùn: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń jẹ́ "afẹ́fẹ́ búburú", ẹni tó bá gbọ́ ti àbẹ́là á rò pé àbẹ́là nìkan ló tó fún gbogbo rẹ̀, òye ìdajì yẹn á sì pa á.

Òkè ihò ni àjà, bíi ti ilé. Igi tàbí èédú tí wọ́n fi sílẹ̀ láti gbé e dúró ni òpó agbájàró. Igi a máa jẹrà, àjà a sì máa já. Ohun tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta ló ń kó ìdààmú báni. Ní ọjọ́ 16, oṣù kìn-ín-ní, 2024, ohun kan bú gbàmù ní Bódìjà ní Ìbàdàn, ilé wó, ẹ̀mí lọ. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ kó pamọ́ sínú ilé ló fà á. Ẹnu tètè ń lọ sí àdó olóró nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ogun àti ìpayà ni àdó olóró ń mú wá sọ́kàn, ojú èèyàn á sì kúrò lára ilé tí wọ́n ti ń kó irú ẹrù yìí pamọ́ sí. Ọdẹ ní ọ̀rọ̀ tó yẹ: ẹ̀tù. Kí ó máa jẹ́ ẹ̀tù ìfọ́-àpáta. Ọmọ ọdẹ mọ̀ pé a kì í gbé ẹ̀tù sí ìdí àdògán. Ẹni tó bá sì rí i nínú ihò àpatì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn irú kan nínú rẹ̀ máa ń làágùn bí wọ́n bá ti pẹ́, pé òógùn yẹn ni ikú wà, àti pé àìfọwọ́kàn nìkan ni ìtọ́jú rẹ̀.

Ní etí ọ̀sà, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ igi wa iyanrìn ń rì sísàlẹ̀ omi pẹ̀lú korobá, wọ́n ń gbé e gòkè, wọ́n ń dà á sínú ọkọ̀ títí yóò fi kún, wọ́n á wá ta á fún onítípà létí omi. Amòòkùn ni Yorùbá ń pe ẹni tó bá ń rì sábẹ́ omi, amòòkùn iyanrìn sì ni wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń fa iyanrìn, dírẹ́jà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, kí ó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré: ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ní ẹkùn Ẹ̀pẹ́, àwọn tó kọ́ ilé ìfọpo Dangote sọ pé iyanrìn mílíọ̀nù 65 kùbíìkì mítà ni wọ́n fà láti fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Níbi tí dírẹ́jà bá ti ṣiṣẹ́ nínú ọ̀sà, ọ̀pá ọlọ́kọ̀ tó ń kan ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ á di ohun tí kò kàn án mọ́. Ibú ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀, ṣùgbọ́n ibú tí Ọlọ́run dá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ gbẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Ibú dírẹ́jà ni kí á máa pe èyí, kí apẹja lè sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ó ti wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń wọ inú àwọn ibi wọ̀nyí láti mọ ohun tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe awakùsà, kò wá kó nǹkan kan. Ìtọpinpin kùsà àpatì ni iṣẹ́ rẹ̀, atọpinpin kùsà ni òun. Mo yan ìtọpinpin torí pé ó ní sùúrù àti àkíyèsí nínú. Ìṣàwárí dà bí ẹni pé ohun tuntun wà láti rí dandan, èyí sì lè mú ọ̀dọ́ sáré wọlé.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú àti ti Ẹ̀pẹ́, ẹ fi Yorùbá sára pátákó tí ẹ bá gbé kalẹ̀ létí àwọn kòtò yìí, kí ó jẹ́ "Kòtò àpatì: ó jìn", kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbẹ́ kànga, ẹ̀yin amòòkùn, ẹ̀yin oníkatapílà, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju èyí tí mo dá lọ, tiyín ni kí á lò. Ẹ sọ ọ́ fún olùkọ́ Yorùbá tó bá sún mọ́ yín. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ ọ.