Mímú Káàdì Àwòrán Olówó Pọ́ọ́kú Sáré Ju Bó Ṣe Yẹ Lọ

Káàdì àwòrán ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya gbogbo ohun tí ẹni tó ń ṣe géèmù ń rí. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló ń pinnu bí yóò ṣe máa sáré tó. Bí olówó rẹ̀ bá mú un sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni wọ́n ń pè ní overclocking.

Ẹ jẹ́ ká fi GeForce GTX 750 Ti, tí NVIDIA gbé jáde ní 149 dọ́là lóṣù kejì ọdún 2014, ṣe àpẹẹrẹ. 1020 megahertz ni ìwọ̀n eré rẹ̀. Ètò bíi MSI Afterburner ni wọ́n fi ń gbé e sókè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú káàdì yìí kò gbà ju 135 megahertz lé e lórí, ìyẹn bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Géèmù tó ń fi àwòrán 40 hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ní sábà kọjá 45.

Nítorí náà, wíwọ̀n ló ṣe kókó. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi 3DMark tàbí Unigine Heaven wọn káàdì náà, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹ fi 20 megahertz kún un, ẹ tún un wọ̀n, ẹ máa ṣọ́ ooru rẹ̀. Bí àwọ̀ bá ń ṣe ségesège, tàbí tí géèmù dákú lójijì, ó ti dé òpin agbára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ dá a padà sẹ́yìn. Ooru àpọ̀jù lè ba káàdì jẹ́, ẹni tó tà á sì lè má gbà á padà. Bí èrè tí ẹ rí kò bá ju àwòrán 2 tàbí 3 lọ, ó sàn kí ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.